Tọ́bò tuntun, èéfín àtijọ́: ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà jáde nínú ẹ́ńjìnnì onírótọ̀ tí wọ́n gbé sínú bàálù

Báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ti lo ọdún mélòó kan nínú gáréèjì rẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù oníjòkòó méjì. Ó ra ẹ́ńjìnnì onírótọ̀ ti Mazda tó ti ṣiṣẹ́ rí nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó tún un ṣe, ó sì so tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì, mọ́ ọn kí agbára rẹ̀ má bàa rọ lókè réré. Lọ́jọ́ tó ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì náà dún dáadáa. Kò pẹ́ sígbà náà ni èéfín aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́nu sàlẹ́ńsà bí ìgbà tí wọ́n ń fín oògùn ẹ̀fọn ládùúgbò. Ó ní síìlì tọ́bò ti lọ. Ó ra tọ́bò mìíràn. Èyí náà rú èéfín. Ó pe ẹni tó tà á fún un, wọ́n bára wọn fa ọ̀rọ̀, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún un, ẹ̀kẹta náà tún rú èéfín.

Tọ́bò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Họ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ wọn, èyí tó yẹ kó máa da ọ́ìlì padà sínú ẹ́ńjìnnì, òun ló ni ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí ó jọ nǹkan kékeré, ó sì máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ẹ́ńjìnnì méjì sọ́tọ̀, torí orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu òyìnbó. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, láti 1914 sí 1918, ẹ́ńjìnnì kan wà tí wọ́n ń pè ní rotary, irú Gnome àti Le Rhône ti ilẹ̀ Faransé. Nínú èyí, ọ̀pá àárín ni wọ́n dè mọ́ ara bàálù, gbogbo ẹ́ńjìnnì pátá ló wá ń yí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ iwájú. Epo èso lárà ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, tó bá sì ti ṣiṣẹ́ tán, a fọ́n ọn dànù sí afẹ́fẹ́, sí ojú awakọ̀ pẹ̀lú. Kò sí ọ̀rọ̀ pé ọ́ìlì ń padà síbì kankan. Kì í ṣe èyí là ń sọ.

Èyí tí à ń sọ ni ti Felix Wankel, ọmọ Jámánì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ NSU ní 1957. Àwọn Mazda ní Japan gba àṣẹ láti ṣe é, wọ́n sì gbé Cosmo Sport jáde ní 1967. Kò ní písítìnì rárá. Rótọ̀ ló ní, ohun onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú díẹ̀, tó ń yí nínú ilé kan tó rí bí èèpo ẹ̀pà oníhóró méjì, tó fún díẹ̀ láàárín. Èyí tí àwọn tó ń kan bàálù fẹ́ràn jù ni 13B: rótọ̀ méjì, 654 cc lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 1308 cc. Ó kéré, kò wúwo, ohun tó ń yí nínú rẹ̀ kò sì ju rótọ̀ méjì àti ọ̀pá kan lọ. Bí rótọ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá yóò yí lẹ́ẹ̀mẹta, eré yìí sì pọ̀ jù fún abẹ̀bẹ̀ bàálù, ni wọ́n ṣe ń fi àpótí gíà sáàárín láti dín in kù.

Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ọ́ìlì kì í ṣe ti kí nǹkan má ha nìkan. Òun ló ń wọ inú rótọ̀ lọ láti tù ú, ó sì ń kó bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ooru tó yẹ kó jáde. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tún ń jóná pẹ̀lú epo bẹntiróò, torí a ń rọ ọ́ sára síìlì tó wà ní ṣóńṣó rótọ̀ kó má bàa ha. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i. Bí ọ́ìlì bá ń jò dànù nínú ẹ́ńjìnnì onírótọ̀, kì í ṣe pé nǹkan kan yóò máa ha nìkan, ẹ́ńjìnnì náà yóò gbóná kọjá ààlà. Ẹni tó wà lókè kò sì ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lè pa ọkọ̀ tì sí.

Ó yá, ká wọ inú tọ́bò. Abẹ̀bẹ̀ kékeré méjì ló wà lórí ọ̀pá kan. Èéfín gbígbóná tó ń ti ẹ́ńjìnnì jáde ń yí ọ̀kan, ìyẹn ń yí èkejì, èkejì sì ń gba afẹ́fẹ́ ìta, ó ń kì í bọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí bàálù bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́. Tó bá dé nǹkan bí 18,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìfúnpá afẹ́fẹ́ kò ju ìdajì ti etí òkun lọ. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń wá tọ́bò. Àmọ́ ọ̀pá tó so abẹ̀bẹ̀ méjèèjì pọ̀ lè yí ju 100,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, irin kò sì lè fara kan irin lórí irú eré bẹ́ẹ̀. Orí ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni ọ̀pá náà ń léfòó.

Ọ́ìlì yìí ń wọlé láti òkè tọ́bò nínú họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 6, pẹ̀lú agbára pọ́ńpù ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣìnà nìyí: wọ́n rò pé agbára tó gbé e wọlé náà ni yóò tì í jáde. Rárá o. Bí ọ́ìlì bá ti gba àárín bẹ́árìn tó gbé ọ̀pá náà kọjá, agbára yẹn ti tán. Ọ̀pá tó ń sáré yẹn sì ti lù ú mọ́ afẹ́fẹ́ débi pé ó ti di ìfófó, bí ìgbà tí wọ́n da bíà sínú ife. Ìfófó yìí, tó ṣe ìlọ́po ohun tó wọlé, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló kù tó máa fà á sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá ń pè ní síìlì nínú tọ́bò kì í ṣe rọ́bà. Ríǹgì irin kékeré ni, irú èyí tó ń wà lára písítìnì, ó sì ní àlàfo. Wọn ò ṣe é láti dá ọ́ìlì tó kún dúró. Ìfúnpá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ní ìhà àwọn abẹ̀bẹ̀, ló ń lé ọ́ìlì sẹ́yìn. Tí ọ́ìlì bá wá kó jọ lábẹ́, tó kún gòkè dé ibi ọ̀pá, yóò gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì kọjá, á bọ́ sínú sàlẹ́ńsà gbígbóná, a ó sì rí èéfín. Tó bá gba ìhà kejì, inú íńtákúlà, ohun tó ń tu afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti kì, àti ẹ́ńjìnnì ló ń lọ. Ríǹgì náà kò bàjẹ́. Bí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe.

Ẹni tó bá ti rọ kẹrosíìnì sínú ìgò rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí. Tí àrọ bá fún mọ́ ẹnu ìgò pinpin, kẹrosíìnì yóò dúró sínú àrọ, á máa dún gbùlú-gbùlú, kò ní wọlé. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìgò ń wá ọ̀nà jáde, ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni kẹrosíìnì fẹ́ gbà wọlé. Ẹ kàn gbé àrọ sókè díẹ̀, kíá ló máa sọ̀kalẹ̀. Họ́ọ̀sì abẹ́ tọ́bò ní láti gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ìfófó yóò fi máa gba ìsàlẹ̀ lọ, tí afẹ́fẹ́ yóò sì máa gba òkè rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀sì tó ń wọlé fi jẹ́ mìlímítà 6, tí èyí tó ń jáde sì jẹ́ mìlímítà 16 ó kéré tán. Bí a bá ṣírò ojú ihò wọn, ìlọ́po méje ni. Ẹni tó bá sọ pé iye tó wọlé náà ló ń jáde, kí wọ́n jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ìṣírò rẹ̀ dùn létí, àmọ́ ọ́ìlì kò gbọ́ irú ìṣírò bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Garrett, tó ń ṣe tọ́bò, ní kí ẹnu ọ̀nà yìí dojú kọ ilẹ̀ tààrà, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kó má fi ju dígíríì 35 lọ yẹ̀. Ó ṣeé ṣe ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ìpín mẹ́ta ni ara tọ́bò: ilé abẹ̀bẹ̀ gbígbóná, ilé abẹ̀bẹ̀ afẹ́fẹ́, àti àárín. Tí ẹ bá dẹ bóòtù tó so wọ́n, ẹ lè yí àárín lọ́tọ̀ títí ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì yóò fi wo ilẹ̀, láìjẹ́ pé páìpù kankan kúrò níbi tó wà. Mo ti rí àwòrán iṣẹ́ tó dára gan-an, ojú ibi tí wọ́n jó irin pọ̀ ń dán bíi góòlù, tí ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì rẹ̀ sì wo ẹ̀gbẹ́. Inú mi bàjẹ́ fún ẹni tó ṣe é.

Nínú ọkọ̀ ilẹ̀, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ le. Àwọn ọkọ̀ RX-7 tó ní tọ́bò, Mazda fúnra wọn ti ṣe ọ̀nà tí ọ́ìlì yóò gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ RX-8 kò ní tọ́bò láti ilé iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ so ó mọ́ ọn ní láti wá ibi tí yóò lu sí fúnra rẹ̀. Èyí tó wá le ni bàálù. Ìdérí imú bàálù fún, ó rẹlẹ̀, torí náà àwọn tó ń kàn án máa ń sọ sọ́m̀pù, àwo tó ń gba ọ́ìlì jọ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, di pẹrẹsẹ, ó gbòòrò ṣùgbọ́n kò jìn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ni èéfín ti ń jáde nínú 13B, ibẹ̀ náà ni tọ́bò yóò rọ̀ sí. Kí ẹ tó mọ̀, ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì tọ́bò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú ọ́ìlì inú sọ́m̀pù dọ́gba. Ọ́ìlì kì í gun òkè fúnra rẹ̀. Òkè ojú ọ́ìlì inú sọ́m̀pù ni họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti wọlé, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Sọ́m̀pù náà sì gbọ́dọ̀ ní ihò èémí tó mọ́, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná díẹ̀díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rótọ̀ bọ́ síbẹ̀. Tí kò bá rí ibi jáde, inú họ́ọ̀sì tọ́bò ni yóò gbà sókè, ọ̀rọ̀ àrọ àti ìgò náà ló padà yẹn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé tí bàálù bá dẹ̀gbẹ́ láti yí, ọ́ìlì yóò ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má ṣèyọnu lórí ìyẹn. Tí awakọ̀ bá yí i bó ti yẹ, ìwúwo gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń wo ilẹ̀ bàálù náà tààrà, kódà bó dẹ̀gbẹ́ gan-an. Bob Hoover, ògbóǹtarìgì awakọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ti di olóògbé, máa ń rọ tíì sínú ife lórí ìjókòó rẹ̀ nígbà tí bàálù rẹ̀ ń yí po lójú òfuurufú, kò sì ń ta sílẹ̀. Ọ́ìlì inú sọ́m̀pù kò yàtọ̀ sí tíì yẹn. Ohun tó ń da ọ́ìlì láàmú ni kí imú bàálù wo òkè tàbí ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tàbí kí awakọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn nígbà tí ìjì ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní ìbàlẹ̀.

Ti imú tó wo òkè yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàálù tí àwọn èèyàn ń kàn nílé, táyà kékeré ló wà lábẹ́ ìrù wọn. Tí wọ́n bá wà nílẹ̀, ìrù ló wà nísàlẹ̀, imú wo òkè. Ká ní dígíríì 12 ni imú fi ga. Ẹni tó kàn án gbé e sórí pákó nínú gáréèjì, ó tẹ́jú dọ́gba, ó fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó. Họ́ọ̀sì rẹ̀ lọ síwájú láti abẹ́ tọ́bò dé sọ́m̀pù, 30 sẹ̀ǹtímítà, ó sì rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4. Ó dára lójú. Ẹ wá sọ ìrù rẹ̀ kalẹ̀. Apá iwájú họ́ọ̀sì yẹn yóò gòkè bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ yọ 4 tó ti ní tẹ́lẹ̀ kúrò: ó ṣẹ́ ku bíi 2 tí ọ́ìlì ní láti gùn lókè. Ẹ́ńjìnnì sì wà ní ìsinmi, ó ń yí jẹ́jẹ́, èéfín gbígbóná tó ń yí tọ́bò kò pọ̀, ìfúnpá tó ń lé ọ́ìlì sẹ́yìn nínú tọ́bò kò tó nǹkan. Ìgbà yẹn gan-an ni yóò rú èéfín búlúù. Tó bá gbéra tí ìrù rẹ̀ sì kúrò nílẹ̀, èéfín dáwọ́ dúró, onítọ̀hún á ní ohun tó ṣe é ti lọ. Nígbà tó bá ń gun òkè pẹ̀lú imú sókè, yóò tún padà wá.

Tí họ́ọ̀sì yẹn bá gba ìhà ẹ̀yìn lọ, tàbí tó bá sọ̀kalẹ̀ tààrà, ìṣòro yìí kò ní wáyé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kò sí àyè.

Ìgbà kejì tí èéfín máa ń yọ ni nígbà tí bàálù ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú tírọ́tù, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ní pípadé. Níbi tí kábúrétọ̀ bá wà ṣáájú tọ́bò, tírọ́tù tó padé yóò mú kí ìhà afẹ́fẹ́ tọ́bò máa fà bí ẹni tó ń fi sitírọ́ọ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ́ìlì tó bá rọra dúró lábẹ́ ni yóò fà mu. Àsẹ́ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí ń ṣe irú nǹkan kan náà. Bí tírọ́tù bá wà lẹ́yìn tọ́bò, ìfà yìí kò dé ọ̀dọ̀ ríǹgì.

Bí kò bá sí bí ọ́ìlì ṣe lè sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, pọ́ńpù ni yóò gbé e. Kì í ṣe ohun tí àwọn onírótọ̀ dá sílẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì Continental TSIO-520, tó wà nínú àwọn bàálù Cessna kan, ní pọ́ńpù tó ń fa ọ́ìlì kúrò lábẹ́ tọ́bò padà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sì ń yí i. Àwọn tó ń kan bàálù sábà máa ń lo pọ́ńpù oníná mànàmáná, torí ó rọrùn láti dè mọ́ ibi tó bá wù wọ́n. Kó má jẹ́ pé ẹ ra èyí tó kéré. Ìfófó ló máa gbé, torí náà agbára rẹ̀ ní láti ju iye ọ́ìlì tó ń wọlé lọ ní ìlọ́po méjì, ó tilẹ̀ dára kó jẹ́ mẹ́ta. Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ tọ́bò pẹ̀lú ìkòkò kékeré kan tí ọ́ìlì yóò kọ́kọ́ já sí, torí pọ́ńpù mọ títì ju fífà lọ. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí kí ẹ tó ṣáná, kó sì máa yí lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì.

Èmi kò fẹ́ràn pọ́ńpù oníná yìí, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Fíúùsì kan ṣoṣo tó jó ti tó láti kún tọ́bò fún ọ́ìlì, kí gbogbo rẹ̀ máa dà sínú sàlẹ́ńsà, awakọ̀ kò sì ní mọ̀ títí ìfúnpá ọ́ìlì yóò fi lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fi iná pupa síwájú awakọ̀ tí yóò tàn bí pọ́ńpù bá dáwọ́ dúró. Ohun mìíràn tí àwọn tó ń ṣe bàálù ńlá ti mọ̀ tipẹ́ ni fáàfù kékeré tó ń dí ọ̀nà ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Láìsí i, tí tọ́bò bá wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì yóò máa rọra ṣàn wọ inú rẹ̀ láti alẹ́ dé àárọ̀, ẹ ó sì rí èéfín bí ẹ bá ṣáná.

Ooru ló kù. Èéfín onírótọ̀ gbóná ju ti písítìnì lọ, ó lè súnmọ́ dígíríì 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kó kọjá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà sì ni họ́ọ̀sì ọ́ìlì ń gbà kọjá. Rọ́bà lásán kò lè gbé ibẹ̀ pẹ́. Yóò le, yóò sán. Họ́ọ̀sì Teflon tí wọ́n fi wáyà irin hun lára, pẹ̀lú àpò tó ń kọ iná lórí rẹ̀, ni wọ́n ń lò, kó sì jìnnà sí páìpù èéfín bó bá ti ṣeé ṣe. Ewu tó wà níbẹ̀ ju èéfín lọ, torí ọ́ìlì tó bá ta sórí páìpù tó pọ́n lè gbiná.

Ó kù kan tó jẹ́ ti onírótọ̀ nìkan. Mo ti sọ pé ẹ́ńjìnnì yìí máa ń jó ọ́ìlì díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nítorí èyí, tí onírótọ̀ bá rí èéfín búlúù, á ní "bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe," á sì gbàgbé. Ohun tí ẹ óò fi mọ ìyàtọ̀ ni ìgbà tó ń yọ àti ibi tó ń yọ. Èyí tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọ́ìlì rótọ̀ ni. Èyí tó ń dúró de ìsinmi lórí ilẹ̀, tàbí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, tí ó sì ń fi ọ́ìlì tútù sílẹ̀ nínú páìpù íńtákúlà, ti ọ̀nà àbájáde tọ́bò ni.

Kí ẹ tó ra tọ́bò kẹrin, ẹ sọ ìrù bàálù kalẹ̀, ẹ yọ họ́ọ̀sì náà kúrò, ẹ fi họ́ọ̀sì tó ṣeé rí inú rẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16, rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ rọ omi tí ẹ pò mọ́ àró díẹ̀ sínú rẹ̀ láti òkè, pẹ̀lú gáláàsì lábẹ́ rẹ̀. Bó bá dúró láàárín, kódà ní ibì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń dúró sí. Lẹ́yìn náà, ẹ la họ́ọ̀sì àtijọ́ ní gígùn. Nígbà míì ẹ óò rí i pé ọ́ìlì tó ti jóná ti dì mọ́ inú rẹ̀ bí èédú, ihò tó jẹ́ 16 tẹ́lẹ̀ kò sì ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ mọ́.